Eyín Iwájú Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó tí kì í tán. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, ìda tí ẹ fi ń mọ eyín á ti wà ní ìka yín, iná kékeré yẹn á sì máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fi í sílẹ̀ ná, kí ẹ ka ìwé mi dópin. A ti jọ mọ̀ pé orí fóònù kì í gba èmi àti ẹ̀yin. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn díẹ̀, ọ̀kan nínú wa á fi ìbínú pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Àǹtí ló sọ fún mi pé Ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀, pé ọ̀kan nínú eyín iwájú wọn lókè kán mọ́ èrìgì, pé dókítà ti yọ gbòǹgbò rẹ̀. Bàbá, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹnu Àǹtí ni mo ti gbọ́? Ọmọ yín ni mí. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe, abẹ́ yín náà ni mo ti kọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí ilé ẹni bá jó, tó wá jẹ́ ará àdúgbò ló peni.

Àǹtí tún ní ẹ ti ṣe eyín kan fún wọn, pé ó ga jù, tí wọn ò fi lè pa ẹnu dé dáadáa. Ẹ tún un ṣe, ó tún ga. Wọ́n ní ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n báyìí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọjọ́ orí kì í bẹ oníṣẹ́ ọwọ́ kankan wò kó má mú nǹkan lọ. Níbi tí mo wà yìí, a kì í fi ọwọ́ gbẹ́ eyín mọ́. Kọ̀ǹpútà la fi ń ya bó ṣe máa rí, ẹ̀rọ ló ń gbẹ́ ẹ. Ẹ bá mi fi ẹfun da ẹ̀dà ẹnu Ìyá mi, kí ẹ fi ránṣẹ́. Èmi ni màá ṣe eyín náà. Ẹ̀yin ẹ sinmi.

Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi eyín inú jẹun ná.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún

Ọ̀gá Kékeré,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó fèsì nítorí mo fẹ́ kí inú mi rọ̀ ná. Kò tíì rọ̀ tán, àmọ́ ìyá rẹ ò lè máa fa oúnjẹ mu bí ọmọ ọwọ́ títí inú mi á fi rọ̀.

O ní kí n sinmi. Kí wọ́n tó bí ọ ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Eléyín. Àpótí tí o máa ń jókòó lé nígbà tí o wà ní kékeré ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni o ti fi ọṣẹ gbẹ́ eyín tó o kọ́kọ́ gbẹ́ láyé rẹ, o sì ń gbẹ́ ẹ títí ìyá rẹ ò fi rí ọṣẹ fi fọṣọ mọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ló di tìrẹ mú nígbà náà. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. O ti sọ ọ́, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé eyín tí mo ṣe ga. Mo rí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. N kò ránṣẹ́ sí ọ nítorí mo rò pé màá tún un ṣe kí o tó gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Dókítà ní eyín tuntun ò lè dá dúró, àfi kí wọ́n so ó mọ́ èyí tó kù nílẹ̀. Ó ní òun máa ha àwọn tó máa gbé e ró, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é sọ èwo ni kí òun ha. Mo sọ fún un pé ìwọ ni. Mo ti di ẹ̀dà ẹnu ìyá rẹ sínú òwú, mo tì í sínú agolo kó má bàa fọ́. Ṣe é bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n má kọ ohun tí mo kọ sókè yẹn, mo ti kọ ọ́ ná.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ má bínú sí mi. N kò sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín láti fi tàbùkù yín.

Agolo dé, nǹkan kan ò fọ́. Inú mi dùn bí ẹni pé Ìyá mi fúnra wọn ló wọlé. Mo gbé e sórí tábìlì mi, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá wò ó, wọ́n yin bí ẹ ṣe da ẹfun náà tó jọ̀lọ̀. Ẹ mọ̀ pé yàrá iṣẹ́ wa gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, kálukú kọjú sí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Ẹnu lásán ló ń wọlé sí wa láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, kò lójú, kò nímú. A máa fà á wá síwájú, ẹ̀rọ á fún wa ní eyín tó rò pé ó yẹ ibẹ̀, a ó tì í díẹ̀, a ó fà á díẹ̀, a tẹ ibi tí wọ́n ní kí a tẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Kí a tó mí, òmíràn ti dúró. Ọ̀gá wa máa ń rìn lẹ́yìn wa, kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn máa ń yún èèyàn.

Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi ṣe ti Ìyá mi. Ẹ wo àwòrán tí mo fi sínú ìwé yìí. Kí dókítà ha eyín iwájú kejì tó ṣẹ́ kù, kó tún ha èyí tó tẹ̀ lé àlàfo yẹn ní apá kejì, kí méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèkàn. Eyín mẹ́ta tó so pọ̀ ni màá fi wọ̀ wọ́n lórí bí ìgbà tí wọ́n dé fìlà. Bí méjì bá di ọ̀kan mú láàárín, kò ní mì láéláé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo àwòrán náà dáadáa. Bí ohunkóhun bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó fọwọ́ kan nǹkan. Eyín tí wọ́n bá ti ha kì í hù padà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín, Ọ̀gá Kékeré.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Ọ̀gá Kékeré,

Mo rí àwòrán. Iṣẹ́ rẹ mọ́. Dókítà ti ha eyín méjèèjì bí o ṣe sọ. Ẹ̀dà kejì ló wà nínú agolo yìí.

Ìyá rẹ kí ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdákẹ́. Inú oṣù Kẹjọ ni mo ti fi eyín ránṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ó dé, nítorí àwọn tó gbé e wá fi hàn mí pé ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á. Láti ìgbà náà, ẹ ò sọ pé ó wọlé, ẹ ò sọ pé kò wọlé. Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ oṣù Kẹta ni? Mo ti bẹ̀bẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, wọ́n á fà á dìde, ẹ má wulẹ̀ fi mí sílẹ̀ nílẹ̀ báyìí.

Mo pe Ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní eyín dára, wọ́n ní mo ṣeun. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ká aṣọ. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n tún ní àwọn fẹ́ ká aṣọ. Aṣọ wo ló ń wà lórí okùn nígbà gbogbo? Ìyá mi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé fóònù, èmi ni mo máa ń wá ọ̀nà àti sá lọ. Ohùn wọn tún ń ṣe mí bákan, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ṣé ó ń dùn wọ́n ni? Ṣé ó ga? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ ohun tí màá tún ṣe. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kọkànlá

Ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí.

Kò ga. Kò dùn ún. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò rí eyín tó bá ẹnu mu tó bẹ́ẹ̀. Dókítà pe nọ́ọ̀sì rẹ̀ pé kó wá wò ó. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó fún ìyá rẹ ní dígí. Ìyá rẹ wo dígí náà títí. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹnu ta nìyí?”

Ọ̀gá Kékeré, o dí èjí ìyá rẹ.

Èjí tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Èjí tó jẹ́ pé bí ó bá rẹ́rìn-ín, òun ni o kọ́kọ́ máa rí. Ibẹ̀ ló máa ń gbà súfèé bí o bá ń ṣeré lọ jìnnà, wàá sì sáré bọ̀ wá sílé nítorí o mọ̀ pé kò sí súfèé mìíràn tó dún bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, eyín rẹ̀ lọ gbọọrọ bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ń kí i pé eyín rẹ̀ mà funfun o. Ó ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Ohun tí mo jókòó láti kọ nìyí, mo sì ti ń fi í pamọ́ láti oṣù Keje. Mo rí i. Ọjọ́ tí àwòrán rẹ dé ni mo rí i pé o ti pa èjí náà dé. Mo mú àwòrán lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo tún wò ó. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá so eyín tuntun mọ́ ẹyọ kejì tó wà ní ìsọdá èjí, èjí ti kú nìyẹn. Ó yẹ kí n pè ọ́. Mo ní rárá. Mo ní ṣebí wọ́n ní kí n sinmi, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ọmọ á rántí ẹnu ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń retí lẹ́tà rẹ lójoojúmọ́, pé wàá ní, “Bàbá, ẹ dúró, mo ti ṣe é gbòdì.” Lẹ́tà ò dé. Dókítà pè wá. Mo mú ìyá rẹ lọ́wọ́, mo mú un lọ síbẹ̀, mo jókòó síta, mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ha eyín tó yè kooro.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà náà.

Má rò pé mo ń fi èyí yin iṣẹ́ ọwọ́ tèmi. Ọ̀pọ̀ ẹnu tí mo ti ṣe, n kò rí olówó rẹ̀ rí. Ẹfun ni dókítà ń kó wá fún mi, ìda ni mo ń kó padà fún un. Bóyá mo ti dí èjí àwọn ìyá ẹlòmíràn, tí ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Mo gbàgbé.

Mo ti kọ ìwé yìí, mo ti fà á ya, mo tún ti kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ lè máa rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí pé mo ní ìdí kan. N kò ní. Mo tún ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Àlàfo tó wà nínú ẹ̀dà yín fẹ̀ ju eyín kan lọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á rí i. Ẹ̀rọ fẹ eyín iwájú méjèèjì lójú títí tí wọ́n fi pàdé, ó bi mí bóyá mo gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Oúnjẹ ọ̀sán mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń wo aago. Ẹnu tó bí mi, tó kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ, mo ṣe é bí ẹnu ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Mo wá fọ́tò wọn nínú fóònù mi. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọdún yìí wá, kò sí ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, n kò sì bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ti pẹ́. Mo wò ó títí ojú mi fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, kí ó má bàa di egbò nínú mi. Ẹ̀yin rí i, ẹ sì dákẹ́. Eyín tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ha nítorí ìdánwò tí ẹ ń ṣe fún mi. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ ì bá nà mí. Ẹnu Ìyá mi kọ́ ló yẹ kí ẹ fi kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ó ti ẹnu mi jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí, ó wá ní, “Dókítà tó bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ló mọ ẹni tó ni ín. Àwa ò lè máa mọ gbogbo èèyàn.” Mo dá a lóhùn pé ẹni tí mo mọ̀ jù láyé ni mo ṣe é fún, mo sì ṣe é gbòdì, mélòó wá ni ẹni tí n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí a yí padà. Mo ní bó bá ti jẹ́ eyín iwájú, kí a má bẹ̀rẹ̀ láìrí fọ́tò ẹni náà níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Kí dókítà bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí a fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ó tó di pé wọ́n ha eyín kankan, kí a kọ́kọ́ ya bó ṣe máa rí, kí a fi hàn án. Bí wọ́n bá sì ha á, kí a fi ike ṣe èyí tó máa kọ́kọ́ lò, kí ó fi sọ̀rọ̀, kí ó fi jẹun, kí ó wò ó nínú dígí ilé ara rẹ̀, kí a tó gbẹ́ èyí tí kò ṣe é yí padà. Ọ̀gá fajú ro, ó ní iṣẹ́ á máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbà. A ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ń pẹ́ lóòótọ́, àwọn dókítà kan sì ń kùn. Èyí tó ń padà wá nítorí pé olówó rẹ̀ kọ̀ ọ́ ti dín kù.

N kò kọ èyí kí ẹ lè yìn mí. Ìyá mi ò jàǹfààní níbẹ̀.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí dókítà gé e kúrò. Màá ṣe òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni màá so ó mọ́, èjí á padà sáàyè rẹ̀. Mo ti yà á. Ẹ bi Ìyá mi léèrè ìgbà tó rọrùn fún wọn.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Èmi ni mò ń kọ èyí fúnra mi. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò bá ṣe é kà, fara balẹ̀. Mo ti ka gbogbo ìwé tí ìwọ àti bàbá rẹ ń kọ síra yín láti ọdún tó kọjá. Wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn tí tìrẹ ti oṣù Kejìlá dé. Wọ́n ní kí n kà á kí n dájọ́. Mi ò lè dájọ́. Mo kàn ń wá orúkọ ara mi níbẹ̀, mo rí i pé mo kí ọ, mo tún kí ọ.

Mo lọ bá dókítà, èmi nìkan. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní àwọn lè gé èyí tó wà lẹ́nu mi kúrò, ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n ti ha ti ha nìyẹn. Ó ní bí a bá fẹ́ kí èjí padà, wọ́n á tún ní láti ha òmíràn tó yè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ò lè gbé tuntun ró. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo rò ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo padà sínú, mo sọ fún un pé rárá.

Èjí tí wọ́n bá fi eyín mìíràn rà, kì í ṣe èjí mi mọ́. Àyè tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ lásán ni yóò jẹ́. Mi ò bínú. Ohun tó ń dùn mí kò sí nínú eyín náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń ha á, mo jókòó sórí àga yẹn, mo ní ọmọ mi mọ̀ ọ́n, ọkọ mi mọ̀ ọ́n, kí ni mo tún fẹ́ sọ. Mo la ẹnu, mi ò sọ̀rọ̀. Ìwọ ń bá bàbá rẹ jà, bàbá rẹ ń bá ọ jà, ẹnu mi lẹ fi ṣe pápá. Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì bá bi mí pé, “Ìyá, báwo lẹ ṣe fẹ́ ẹ?”, ì bá tán síbẹ̀.

Má máa sunkún. Mo ń jẹun dáadáa. Mo ń bu nǹkan líle jẹ báyìí ju bàbá rẹ lọ, mo sì ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́.

Bàbá rẹ ò gbẹ́ eyín tán mọ́. Ti ìda nìkan ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n á dì í mọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n á ní kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ fi í sẹ́nu kó wo dígí. Ẹnì kan lé wọn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ò wá dáhùn ìbéèrè, eyín lòun wá fi. Wọ́n jókòó síta dè é títí ó fi jáde, wọ́n tún bi í. Ẹlòmíràn ló ń fi ẹ̀rọ parí eyín náà. Ó dùn wọ́n, wọn ò sọ. Mo ní kí wọ́n kọ tiwọn mọ́ ìwé yìí. Wọ́n mú bírò, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó kù nínú àwọn ò ṣe é kọ sílẹ̀, àfi kí àwọn rí ọ.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ti pẹ́ tó o ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Má fi eyín ránṣẹ́ mọ́, má fi àwòrán ránṣẹ́. Wá fúnra rẹ, kódà kó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí o wá jókòó tì wá, kí a jọ máa wo ara wa.

Bí o bá dé, màá rẹ́rìn-ín, mi ò ní fi ọwọ́ bò ó. Jọ̀ọ́, má kọ́kọ́ wo ẹnu mi. Ojú mi ni kí o wò. Òun nìkan ni ẹ ò tíì bá mi tún ṣe.

Ìyá rẹ.